Alábẹ́rẹ́ àti Ọmọ Kejì Màmá Tísà

Ẹni tó bá rí Alábẹ́rẹ́ lọ́sàn-án Sátidé yẹn, yóò rò pé ọmọ tí gìrì mú ló gbé dání. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé ẹ̀rọ ìlù rẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà, ó ń sáré lójú títì, òógùn bò ó. Aago méjìlá ti kọjá. Aago mẹ́ta ni ijó máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ní láyé nìyẹn, ó sì ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń yí gbirigbiri títí ó fi dé ìsàlẹ̀.

Àwọn atún-rédíò-ṣe méjì ti dá a padà. Ọ̀kan ní òun ò rí irú ẹ̀ rí. Èkejì ní kó fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kẹta ló bá ọkùnrin kan tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó jókòó sáàárín òkú rédíò bí ẹni tó ń ṣọ́ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó. Ẹ ṣáà má sọ pé ó di ọ̀la."

Ọkùnrin náà gbà á. Ó tú u, ó tanná sí i, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ kọ́kọ́ mí ná, àǹtí. Kò kú. Wáyà méjì ló já." Ó ki irin gbígbóná bọ òjé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́. "Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Alábẹ́rẹ́."

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró lókè. Èéfín òjé ń lọ sí i nímú, kò mọ̀. Alábẹ́rẹ́ rò pé wáyà ló ń rò.

Nígbà tó parí, Alábẹ́rẹ́ so ẹ̀rọ náà mọ́ iná, ó tẹ̀ ẹ́. Gbì, gbì, gbì, gbì. Ìlù kan náà, kò yára, kò falẹ̀, bí ọkàn ẹni tó ti sùn dáadáa. Ó fi ègé orin kan lé e lórí. Ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ọ̀hún ti dalẹ̀ òun.

"Kí lẹ ń pe èyí?"

"Háòsì, bí òyìnbó ṣe ń pe ilé. Inú ilé ni mo ti ń ṣe é, ní yàrá ìyá mi, láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì. Orúkọ ọ̀hún bá a mu, àbí?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni ìyá fẹ́ kó mú, ti ẹ̀rọ àwo orin ló mú. Ìyá máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Mo ní kó mú abẹ́rẹ́, ó kúkú mú abẹ́rẹ́. Ohun tó ń fi í rán ni n ò mọ̀." Láyé ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bí àwo bá ti tán ní gbọ̀ngàn ijó ìlú wọn, oníjó á lọ jókòó, wọ́n á máa wojú ara wọn títí òmíràn á fi gbéra. Òun ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó fi ìrù orin kan so mọ́ orí èkejì, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ojú ìránpọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Nígbà tó yá, ó ra ẹ̀rọ ìlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin ti ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò dá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà pé, "Orin tí kò ní olórin, orin wèrè ni." Àwọn ọ̀dọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ohùn inú rẹ̀ fi há.

Sátidé yẹn, Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e lọ sí gbọ̀ngàn, ó ní bóyá wáyà á tún já. Wáyà ò já. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún wá. Odidi oṣù mẹ́rin ló fi gbé àpótí irinṣẹ́ wá síbi tí nǹkan kan ò ti bàjẹ́. Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń ká wáyà, Alábẹ́rẹ́ bi í pé, "Ṣé ìwọ náà ò ní jó lọ́jọ́ kan?"

"Èmi ò mọ ijó. Ìwọ ni mò ń wò."

"Kí lò ń wò lára mi?"

"Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ mú lọ sílé ìyá mi."

Alábẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí wáyà tó ń ká. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ó ti gbà lọ́kàn pé ẹni bíi tòun kì í ní ilé. Ìdí tó fi gbà bẹ́ẹ̀, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìyá rẹ̀ pàápàá kò mọ̀.

Àbúrò bàbá Jẹ́jẹ́, Àǹtí Onídìrí, ló ṣe alárinà. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni, orí tó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, inú orí ọ̀hún á tú jáde. Ó lọ bá ìyá Jẹ́jẹ́, opó tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Tísà. Ó ní, "Ìyàwó tí Jẹ́jẹ́ rí, ọmọ aránṣọ ni. Ojú ẹ̀ mọ́, ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Ọmọ yín á rẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ dípò òun."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ni," Àǹtí dáhùn, ó sì yára bèèrè omi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é wá kí Màmá Tísà, Jẹ́jẹ́ kò fọkàn balẹ̀. Lójú ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mejì ló ní, "Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ẹ," ẹ̀ẹ̀mejì ló sì gbé e mì. Wọ́n wọlé. Pálọ̀ kékeré, ìwé lórí pẹpẹ, àga tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Màmá Tísà rí i, inú rẹ̀ dùn, ó ní kó jókòó.

Alábẹ́rẹ́ gbójú sókè láti dúpẹ́, ó sì rí fọ́tò kan lára ògiri. Ọmọkùnrin ni, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín òkè rẹ̀ ní èjí.

Ó mọ èjí yẹn. Ó ti ń rí i lójú oorun fún ọdún mẹ́sàn-án.

"Àkọ́bí mi nìyẹn," Màmá Tísà sọ. "Ibi ijó ló kú sí. Wọ́n fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí àwọn kan má bàa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Wáyà jóná, èéfín gba gbọ̀ngàn, wọ́n tẹ ara wọn pa níbi àtẹ̀gùn. Ọmọ méje. Ìwọ, iṣẹ́ ọwọ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?"

Ó lè purọ́. Àǹtí Onídìrí ti ń ṣẹ́jú sí i. Ọ̀nà irọ́ là sílẹ̀ níwájú rẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n ojú fọ́tò yẹn kò kúrò lára rẹ̀.

"Díjè ni mí, mà. Mo máa ń lu orin fún oníjó."

Màmá Tísà tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

"Alábẹ́rẹ́, mà."

Màmá Tísà kò pariwo. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó dì í mú. "Orúkọ yẹn wà nínú ìwé ìròyìn. Orin ń lọ, ọmọ mi ń kú. Jáde nílé mi."

Lójú títì, Jẹ́jẹ́ sá tẹ̀ lé e. Alábẹ́rẹ́ yíjú padà sí i. "O mọ̀! Látọjọ́ tí mo ti gbé ẹ̀rọ wá, o ti mọ̀!"

"Mo mọ̀."

"O wá jẹ́ kí n rìn wọ iwájú ìyá ẹ bí àgùntàn!"

"Gbọ́ tèmi ná. Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, ìbínú ló gbé mi wá. Mo fẹ́ wo ojú ẹni tó lè máa lu orin nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń kú. Mo wá rí i pé kó o tó fọwọ́ kan àwo, o lọ síbi gbogbo ilẹ̀kùn, o ń tì wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Sátidé kejì, bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, bẹ́ẹ̀. Mo wò ó títí ìbínú fi tán, mi ò mọ ohun tó wọlé dípò ẹ̀." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n ti ṣèwádìí. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn ni wọ́n dá lẹ́bi. Ìwọ ò ṣe nǹkan kan."

Gbólóhùn yẹn gan-an ló gún un jù. *Ìwọ ò ṣe nǹkan kan.* Ká ní ó mọ̀ ni. Ó lanu láti sọ ọ́, ó tún pa á dé. Ó ní, "Má wá mọ́," ó sì sá lọ.

Bí ó ṣe fi orin sílẹ̀ nìyẹn. Ó ti ẹ̀rọ ìlù bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, ó gba iṣẹ́ aṣọ lílọ̀ ní ilé ìfọṣọ kan. Ìgbà tí orin rẹ̀ wá ń tàn kálẹ̀ náà ló jókòó síbẹ̀. Àwọn díjè tó ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ń lu gbì-gbì-gbì láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń pe ara wọn ní aṣáájú. Ìyá rẹ̀ máa ń gbọ́ ọ lára rédíò àwọn aládùúgbò, á yọjú wò ó, á ní, "Ìwọ kọ́ nìyẹn?" Á dáhùn pé, "Èmi kọ́, mà."

Jẹ́jẹ́ kò yé wá. Ó ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì wá sí ilé ìfọṣọ náà, ṣẹ́ẹ̀tì kan náà, mímọ́ fínnífínní. Alábẹ́rẹ́ á gbà á, á lọ̀ ọ́, á nà án padà sí i láìwojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, á tún gbé e wá. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Ọkùnrin yìí, ṣé kò ní ṣẹ́ẹ̀tì míì ni?" Ọ̀kan ní, "Ẹ̀yin ò mọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń ṣe é." Lóru, Alábẹ́rẹ́ á gbé ọwọ́ tó fi lọ̀ ọ́ sí imú. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ wọn dà: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Bí ó bá fẹ́ ẹ láìsọ òtítọ́, irọ́ ni wọn yóò máa bá sùn. Bí ó bá sọ ọ́, Jẹ́jẹ́ yóò kórìíra rẹ̀.

Nílé, Màmá Tísà ti sọ tirẹ̀. "Bí o bá fẹ́ fẹ́ ẹ, sin mí ná." Jẹ́jẹ́ kó aṣọ, ó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọdún kan àti oṣù méjì kọjá. Lọ́jọ́ Túsìdé kan, Àǹtí Onídìrí wọ ilé ìfọṣọ, gèlè rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ó ti fọwọ́ síwèé," ó sọ. "Iṣẹ́ iná nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọdún márùn-ún. Ọ̀túnla ló ń lọ. Ó ní kò sí ohun tó kù fún òun lórí ilẹ̀."

Áyọ̀ọ̀nù gbóná lọ́wọ́ Alábẹ́rẹ́, ó gbàgbé rẹ̀ sórí aṣọ oníbàárà. "Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Ó gbéraga ju kó bẹ ọmọ lọ. Ọmọ náà sì jọ ọ́. Àwọn méjèèjì á kú síbi tí wọ́n dúró sí, kò ní sí ẹni tó máa kọ́kọ́ jókòó."

Òórùn aṣọ tó ń jóná gba yàrá. Alábẹ́rẹ́ yọ áyọ̀ọ̀nù, ó tú épúróònù, ó jáde. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́. Ilé Màmá Tísà ló lọ. Ohun tó ń rò ní ọ̀nà kò ju ẹyọ kan lọ: bí ìyá yìí bá mọ ẹni tó jẹ̀bi gan-an, gbogbo ìbínú rẹ̀ á wá sórí òun nìkan, á sì jọ̀wọ́ ọmọ rẹ̀.

Ó kanlẹ̀kùn. Màmá Tísà ṣí i díẹ̀. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ kéré nínú aṣọ.

"Kí lo tún fẹ́ gbà?"

"Mi ò wá gbà, mà. Mo wá sọ ohun tí mi ò sọ fún àwọn tó ń ṣèwádìí. Mi ò sọ ọ́ fún Jẹ́jẹ́, mi ò sọ fún ìyá tó bí mi. Tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ lè ṣe mí bí ẹ bá ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dá ọmọ yín dúró."

Ìyá náà kò ní kó wọlé, kò sì ti ilẹ̀kùn.

"Mo mọ ọmọ yín, mà. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Orin kan wà tó fẹ́ràn. Ó wá síbi tí mo ti ń lu orin, ó ní kí n tún un lù. Mo tún un lù. Ó tún wá. Mo tún un lù. Ó wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbà. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo jágbe mọ́ ọn." Ó tẹjú mọ́lẹ̀. "Mo ní, 'Ò ń dí mi lọ́wọ́. Lọ dúró lọ́hùn-ún, níbi àtẹ̀gùn ẹ̀yìn.' Èmi ni mo rán an lọ síbẹ̀, mà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀. Mo rí i tí wọ́n ń tira wọn lọ́hùn-ún, mo rò pé ijó ni. Mo jẹ́ kí orin máa lọ. Èmi ni mo pa á."

Ó kúnlẹ̀. Ó dúró de ìgbátí, ó dúró de èpè. Kò sí ọ̀kan tó wá. Nígbà tó gbójú sókè, Màmá Tísà ti fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin?" ìyá náà bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Nígbà tó o jágbe mọ́ ọn, kí ló ṣe?"

"Ó rẹ́rìn-ín ni, mà. Ó gbé ọwọ́ sórí bíi ṣọ́jà, ó ní, 'Mo ti gbọ́, ọ̀gá mi,' ó ń jó lọ."

"Ó ń rẹ́rìn-ín." Màmá Tísà fara ti òpó ilẹ̀kùn. "Ṣé ó dá ọ lójú? Inú ẹ̀ ò bàjẹ́? Kò dà bí ẹni tó ti sunkún?"

"Inú rẹ̀ dùn ju ti gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ, mà."

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún tí kò ní ohùn, tó ń mì í láti inú wá. Nígbà tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ní, "Mo gbá a létí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun fẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀, mo gbá a létí níwájú àbúrò rẹ̀. Ó jáde, kò kí mi. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ìgbátí mi ló lé e lọ síbi tó kú sí. Mo máa ń rò pé ó ṣì ń ta á lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. O wá ní ó ń rẹ́rìn-ín."

Wọ́n wà níbẹ̀ pẹ́, ọ̀kan lórí ìkúnlẹ̀, ọ̀kan lára òpó, àwọn tó ń kọjá ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà Màmá Tísà nu ojú.

"N ò lè sọ pé mo dárí jì ọ́. Ẹnu mi ò tíì gbà á. Ṣùgbọ́n ijó ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi, n ò ní jẹ́ kí òkun gba ìkejì. Dìde. Bá mi mú bàtà mi."

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, Jẹ́jẹ́ ń fi okùn di àpótí. Ó rí àwọn méjèèjì, okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ní ọ̀rọ̀ láti bá ọ sọ," ìyá rẹ̀ sọ. "Fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, mo ti gbọ́ ọ, mi ò kú. Bó o bá gbọ́ ọ tán, tó o bá ṣì fẹ́ lọ sójú omi, o lè lọ. Bó o bá fẹ́ ẹ, n ò ní kó o sin mí mọ́." Ó jókòó lórí àpótí tí ọmọ rẹ̀ ń dì, gbágbá, bí ẹni tí kò ní dìde níbẹ̀ láéláé.

Alábẹ́rẹ́ sọ ọ́. Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ dópin, ó jáde, ó rìn lọ títí dé òpin títì. Ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ni Alábẹ́rẹ́ sọ nígbà tó yá pé ó gùn ju ọdún mẹ́wàá lọ. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ata. Ó di ọwọ́ Alábẹ́rẹ́ mú. Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

Oṣù mẹ́jọ ló kọjá kí wọ́n tó lọ sí kóòtù lọ ṣe ìgbéyàwó. Láàárín rẹ̀, Alábẹ́rẹ́ wọ́ ẹ̀rọ ìlù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Orin àkọ́kọ́ tó ṣe, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà á, torí bó bá ti dé ibì kan, á pa ẹ̀rọ, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò tó dá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà lọ́jọ́sí ni ó kọ́kọ́ fi í síta. Àwọn díjè tó ń pe ara wọn ní aṣáájú wá kí i níwájú ilé ìyá rẹ̀, wọ́n ń pè é ní ìyá wọn. Kò tíì gbà láti lu orin ní gbọ̀ngàn. Ó ní ó di ìgbà tí Màmá Tísà bá sọ ọ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn mẹ́fà péré ni. Akọ̀wé ní kí ẹlẹ́rìí ọkọ wá fọwọ́ síwèé. Àǹtí Onídìrí ti dìde, ó ti ń tún gèlè ṣe. Màmá Tísà, tó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, kọjá lára rẹ̀, ó gba bírò, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú ọwọ́ tísà.

Níta, lórí àtẹ̀gùn, ó fa ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo gbọ́ pé èmi lò ń dúró dè kó o tó padà sídìí iṣẹ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Títí ẹ máa fi dárí jì mí."

"Mò ń ṣe é. Díẹ̀díẹ̀ ni. Láàárọ̀ òmíì, mo máa ń jí, á dà bíi pé n ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá." Ó bá a tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe. "Má dúró dè mí, ọmọ yìí. Lọ máa lu orin ẹ. Lọ́jọ́ tí mo bá parí ẹ̀, èmi fúnra mi á wá sọ fún ẹ."